Bí A Ṣe Fẹ́ San Owó Àjọ Náà Padà

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní àdúgbò Bassa, ní Douala níbí, òórùn ọkà tí wọ́n ń sè ní àwọn ilé iṣẹ́ ọtí máa ń wúwo nínú afẹ́fẹ́. Á dà pọ̀ mọ́ èéfín tírélà àti òórùn ẹja yìnyín, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ènìyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òórùn yẹn ni mo fi máa ń mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọlé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹja yìnyín wọ̀lú ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́yìn yàrá òtútù, níbi tó ti ń ka páálí ẹja tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá gbé jáde. Bó ti wù kó wẹ̀ tó, òórùn náà á ṣì wà nínú ìborí rẹ̀. Mo kórìíra òórùn náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyá wa kú, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń san owó ilé-ìwé mi, mo wá fẹ́ràn rẹ̀, torí bí mo bá ti gbóòórùn ẹja yẹn lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé oúnjẹ ti dé.

Ìwọ náà á ti mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí tìrẹ, ẹni tí gbogbo ilé fẹ̀yìn tì tí ẹnikẹ́ni ò rántí bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́. Ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, nínú New Bell níbi tí wọ́n bí wa sí, gbogbo ìyá Yorùbá tó ń tajà ló mọ̀ ọ́n. Torí pé ó ka ìwé Faransé, ó sì ń gba owó oṣù, òun ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àjọ wọn. Àwọn ìyá náà ò fẹ́ràn báǹkì. Wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ Faransé tó wọ báǹkì, ojú lásán ni yóò máa fi wò. Nítorí náà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni owó ń wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kí Iléyá dé, á pín in fún wọn, kálukú á sì lọ fi tirẹ̀ ṣe ohun tó ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é tí fàráǹkì kan ò dín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bépanda, níbi tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe. Ó ra ẹ̀pà sísun lọ́wọ́, ó gbé e ka orí tábìlì, kò sì jẹ ẹ́. Mo tú ẹ̀yìn fíríìjì kan sílẹ̀, ọwọ́ mi kún fún gíríìsì. Ó ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná, kí n jókòó.

"Owó àjọ ti tán," ló wí.

Mo bi í bóyá olè ló wọlé. Ó mi orí.

"Mo fi ta tẹ́tẹ́ ni."

Lójú tèmi, tẹ́tẹ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń kún iwájú búkà tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kì í pa ìrun jẹ. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi hàn mí. Bàálù kékeré kan ni, ó ń gbéra láti ìsàlẹ̀, owó tí o bá fi sí i á máa pọ̀ bó ṣe ń gòkè. Tí o bá tètè fa owó rẹ jáde, o jèrè. Tí bàálù náà bá pòórá kí o tó fọwọ́ kàn án, ó tán nìyẹn. Ó ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé àìsàn ẹlòmíràn. Ó ní lẹ́yìn tí ọkọ òun padà sí Nàìjíríà tó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, ilé òun dákẹ́ jù, bàálù yẹn nìkan ló sì máa ń jẹ́ kí òun gbàgbé pé òun nìkan ló jókòó. Ó kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà owó oṣù rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ. Ó yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ méjì, ìyẹn náà wọlé. Owó àwọn ìyá ló wá kàn.

Ẹkún kọ́ ló sun lọ́jọ́ náà. Ètò ló mú wá. Báǹkì tí owó oṣù rẹ̀ ń gbà wọlé máa ń gbà kí òṣìṣẹ́ fa owó tí kò sí nínú àkáǹtì rẹ̀, tí owó oṣù tuntun bá wọlé, wọ́n á yọ tiwọn pẹ̀lú èlé. Dékúfẹ́ẹ̀ là ń pe owó bẹ́ẹ̀ níbí. Ètò rẹ̀ ni pé dékúfẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa jẹ, òun ni yóò fi wọkọ̀, òun ni yóò fi sanwó ilé, kí gbogbo ohun tó bá kù nínú owó oṣù lè lọ sórí gbèsè. A ó kọ́kọ́ san ti àwọn ará ibi iṣẹ́, torí wọ́n ti ń halẹ̀ pé àwọn yóò fẹjọ́ sun ọ̀gá, bí iṣẹ́ bá sì bọ́, dékúfẹ́ẹ̀ bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó máa kó owó àjọ jọ díẹ̀díẹ̀ kí Iléyá tó dé. Ó yọ káàdì báǹkì rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kí o máa mú un dání. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, má fún mi."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn níbi tí mo jókòó, kò pé. Mo tún un ṣírò, mo fi díẹ̀ kún un nínú owó tèmi, mo yọ díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, kò ṣì pé. Ní òdodo, bí ẹni ń bu omi láti inú àmù kan sínú èkejì tó ń pè é ní omi tuntun ni. Owó oṣù yóò wọlé, báǹkì yóò gba tirẹ̀, a ó tún yá a padà lọ́wọ́ báǹkì. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ó wọ aṣọ tó dáa wá bá mi, ó ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń wò mí bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tí mo bá mú káàdì ìdánwò wálé. Mo sọ fún un pé ó máa ṣeé ṣe.

Oṣù tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ní gbogbo Sátidé, á wá sí Bépanda, a ó jọ lọ fa owó lẹ́nu ẹ̀rọ, mo fún un ní ti oúnjẹ àti ọkọ̀, mo tọ́jú èyí tó kù. A san gbèsè ará ibi iṣẹ́ kìíní tán, ọkùnrin náà sì bọ̀ mí lọ́wọ́; èkejì gbà láti dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, ó sì rù títí ọrùn aṣọ rẹ̀ fi ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé rírù náà jẹ́ àmì pé ó ń sa gbogbo ipá rẹ̀. Nígbà mìíràn a ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó máa sọ ohun tí a ó ṣe lẹ́yìn tí gbèsè bá tán. Ó ní òun yóò lọ kí ọmọ ìyá bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó kù bí oṣù méjì sí Iléyá, owó oṣù wọlé, mo lọ fi káàdì náà fa owó. Ẹ̀rọ ò fún mi ní nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, mo lọ sí òmíràn. Nígbà tó yá mo pe ẹ̀gbọ́n mi, a jọ wọ inú báǹkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ló dá wa lóhùn. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Madámù, fóònù yín ló ń fa owó yìí jáde. Ẹ ti so àkáǹtì mọ́ ọn tipẹ́. Ẹ tún béèrè kí a fi kún dékúfẹ́ẹ̀ yín, a sì fi kún un. Gbogbo rẹ̀ ti lọ."

Mo yẹ káàdì tó wà lọ́wọ́ mi wò. Láti ọjọ́ tí ó ti fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní báǹkì kò ní yá a ní owó mọ́, wọn yóò máa yọ tiwọn nínú owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi tán, ó sì sọ iye ọdún tí yóò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n fún un ní nǹkan.

A dúró sábẹ́ òjìji ilé náà, àwọn ọlọ́kadà ń pè wá. N kò bínú bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí n bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni.

"Mo fẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o lè sinmi," ló wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lọ́jọ́ kan. Ó kù díẹ̀ báyìí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún àwọn ìyá," ni mo dá a lóhùn.

Agboolé ìyá tó dàgbà jù nínú wọn la ti bá wọn, ní Madagascar, lẹ́yìn ìrun alásárì. Ìyá náà ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú, ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Douala débi pé Faransé tí kò gbọ́ náà ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣépè fún ewúrẹ́ tó ń tẹ ọjà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò. Mo ní kí n bá a sọ ọ́, ó ní rárá. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan bú sẹ́kún. Òmíràn dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ sí kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá kíá. Ìyá Ọ̀fà ní kó jókòó.

"Ṣé kò sí èyí tó kù rárá?" ó bi í.

"Díẹ̀ ló kù, ìyá. Ọwọ́ àbúrò mi ló wà."

Ìyá náà ń fi àtàǹpàkò nu òrí tó ti gbẹ lẹ́bàá igbá rẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn nílé pé mò ń bọ̀," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n ti kun yàrá mi."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé owó ìrìn àjò ìkẹyìn rẹ̀ ló ń dá. Kò fẹ́ ra àgbò, kò fẹ́ ra aṣọ. Ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé kó má sì padà mọ́. Wọ́n pín ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi, ohun tó kan kálukú kò tó ra itan àgbò. Mo ṣèlérí fún wọn pé a ó san án. Ìyá Ọ̀fà wúre fún wa, kò sì wo ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń wúre.

Mo san díẹ̀, mo tún san díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ò pa owó tó bẹ́ẹ̀, ohun tí báǹkì ń fi sílẹ̀ nínú owó oṣù ẹ̀gbọ́n mi kò sì tó owó ilé. Ní àsìkò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Ọ̀fà, kò sì pẹ́ tó fi kú. Itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí níbí la sin ín sí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nígbà tí ó ń bá àwọn ará Ọ̀fà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Rárá," ó ń wí, "a ò ní lè gbé wọn wálé. A ti sin wọ́n." Ẹ̀gbọ́n mi wá síbi àdúrà náà. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Ẹnikẹ́ni ò lé e, ẹnikẹ́ni ò sì kí i.

Ó ṣì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti fi bàálù sílẹ̀, n kì í sì í ní kó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Bí mo bá fẹ́ fún un ní nǹkan, mo ra ìrẹsì àti òróró gbé lọ, n kì í fi owó ránṣẹ́, òun náà sì mọ ìdí rẹ̀, a kì í sọ ọ́. Mo ti rò ó títí. Mo máa ń rò pé èmi ni mo nílò ètò yẹn jù ú lọ. Ó fún mi ní nǹkan tí mo lè máa ṣe ní Sátidé, nígbà tí ẹni tó tọ́ mi ń bọ́ lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ìyá tó kù ṣì máa ń kí mi tí mo bá gba New Bell kọjá. Wọ́n á béèrè aya, wọ́n á béèrè ọmọ. Wọ́n kì í béèrè owó mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí ẹni tí wọn ò bá béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbà nínú ara wọn pé kò ní san án.