Aṣọ Tí Mummy Wọ̀ Lọ́sàn-án Lórí Ọkọ̀ Ojú Omi

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà bá mi tí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Káńfọ̀, àti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, nínú yàrá Mummy ní Peckham nílùú òyìnbó, ní àjà kẹta ilé káńsù tí a ti ń gbé láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, ariwo bọ́ọ̀sì ń gòkè bọ̀ láti títì, àpótí ńlá méjì sì la ẹnu sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Léèsì aláwọ̀ ewé ń bẹ níbẹ̀, léèsì aláwọ̀ wúrà ń bẹ níbẹ̀, ìró àti bùbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lára wọn rí, gèlè mẹ́fà, ìborùn tí mi ò lè kà, bàtà gíga oríṣi mẹ́ta. Tí o bá rí ẹrù náà, ọ̀rẹ́ mi, wàá rò pé ìyàwó tuntun la fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré la sì fẹ́ lò lórí ọkọ̀ ojú omi.

Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Iṣẹ́ gbálẹ̀-nulẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ní àwọn ọ́fíìsì tó wà láti Bermondsey títí dé Surrey Quays. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, aṣọ iṣẹ́ búlúù ni wọ́n máa wọ̀ sọ́rùn, wọ́n á sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí àwa tó jí. Nígbà tí wọ́n wá fẹ̀yìn tì, àbúrò mi tó ń gbé ní Lewisham ló dá àbá ọkọ̀ ojú omi, láti Southampton lọ sí ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí, kí èmi sì bá wọn lọ. Ọjọ́ tí a sọ fún wọn, Mummy kígbe, wọ́n jó yí tábìlì ká, wọ́n tún padà wá bi wá bóyá a kò fi wọ́n ṣeré. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, gbogbo ìyá asàlátù ní mọ́ṣáláṣí ló ti gbọ́. Èmi náà kò rí oorun sùn. Àgbàlagbà ni mí, ṣùgbọ́n mo ń ka ọjọ́ lórí fóònù mi bí ọmọ tó ń retí Iléyá.

Nítorí pé mo fẹ́ràn kí n mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó dé ibẹ̀, mo ti ka gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ nípa aṣọ. Wọ́n ní èèyàn lè múra lálẹ́ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, aṣọ fífúyẹ́ ni: ṣòkòtò péńpé, ẹ̀wù tí kò ní wàhálà, sálúbàtà, fìlà tó ń dènà oòrùn. Kí ẹni tó bá wọ aṣọ ìwẹ̀ sáà ti fi nǹkan bora kó tó wọ ilé oúnjẹ. Mo wá ra ẹ̀wù kọ́tìnnì funfun méjì fún Mummy, tó gùn dé orúnkún, tó sì bo apá, pẹ̀lú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti ìbòrí tó bá a mu. Fún ara mi, mo ra pólò funfun àti ṣòkòtò aláwọ̀ aró. Mo wo ara mi nínú dígí, mo ní áà, èyí gan-an ni aṣọ ọkọ̀ ojú omi.

Mummy fi ìka méjì gbé ẹ̀wù kọ́tìnnì náà sókè, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn.

“Kí lèyí?”

“Mummy, ó wà nínú email wọn. Daytime is casual. Ẹ ò nílò léèsì lọ́sàn-án rárá.”

“Ìwọ ọmọ yìí, jókòó.” Mo jókòó. “Gbogbo ọjọ́ ayé mi ní ìlú yìí, uniform ni mo fi ṣe é. Mi ò ní wọ nǹkan tí ẹnì kan máa rí lára mi, kó wá ní kí n wá bá òun nu tábìlì. Not on my own holiday. Ṣé o gbọ́ mi?”

Mo ní ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún wọn? Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n tún gbé. Nínú ọkàn mi, mo ní fáàrí ni. Àwọn àgbà tó sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ kò kúkú rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti ń jẹun pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mummy kò rí mi, mo ki ẹ̀wù kọ́tìnnì náà sí ìsàlẹ̀ inú àpótí.

Nígbà tí a dé èbúté tí a sì rí ọkọ̀ náà, Mummy di apá mi mú, wọ́n kò sì jẹ́ kó lọ. “Subhanallah. Ilé ni wọ́n gbé sórí omi yìí!” Mo ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. A gun ọkọ̀, a ṣí yàrá wa, a rí òkun láti ojú fèrèsé, a sì pariwo pa pọ̀ débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kan ògiri. Mummy fi fóònù wá ibi tí Kíbúlà wà, wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yí orí padà, Kíbúlà ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bálùwẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gòkè lọ jẹun. Mummy wọ léèsì aláwọ̀ ewé, gèlè dúró gbọnin lórí wọn, bàtà wúrà, báàgì wúrà. Èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú pólò mi. Ọ̀rẹ́ mi, wá wo ìran! Ọ̀gbẹ́ni kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó tí kò dí bọ́tìnnì ẹyọ kan, ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ lọ sídìí ẹyin. Obìnrin kan ró táwẹ̀lì mọ́ ìbàdí, omi ń kán láti irun rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà kan, tó ju Mummy lọ dáadáa, gbé awò dúdú sójú, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo aṣọ ìwẹ̀ pupa, gbogbo rẹ̀ sì hàn síta. Gbogbo wọn fi okùn kọ́ káàdì yàrá wọn sọ́rùn bí ọmọ iléèwé. Àárín wọn ni Mummy gbà kọjá, wọ́n ń kí èèyàn ní “Good morning” lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ojú sì yí tẹ̀ lé wọn. Ojú tì mí. Kí n má parọ́ fún ẹ, ojú tì mí gan-an.

Oòrùn ń mú sí i bí a ṣe ń lọ síhà gúúsù. Mummy jókòó sábẹ́ ibòji, òógùn ń ṣàn lábẹ́ gèlè, abẹ̀bẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Inú wọn dùn ṣá o. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń ya òkun ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ìyá asàlátù, wọ́n sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara wọn láràárọ̀ kí ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe tó dé. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ sún mọ́ adágún omi ìwẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń ṣeré nínú rẹ̀, mo sì ń rí i bí ojú wọn ṣe ń lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú ẹ̀wù kọ́tìnnì wá.

“Ṣé mo ń dójú tì ẹ́ ni?”

“Rárá o, Mummy.” Mo yára dáhùn jù, wọ́n sì mọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo lọ gba tíì fún Mummy, mo gbé e sórí tíréè, mò ń padà bọ̀ lẹ́bàá omi ìwẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan tó nà gbalaja sórí àga gbé ìka sókè. Ó ní kí n bá òun mú táwẹ̀lì méjì wá, kí n sì fi omi tútù kan kún un. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Ìgbà yẹn ni mo wò yíká, tí mo wá rí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́: pólò funfun, ṣòkòtò aláwọ̀ aró, káàdì lọ́rùn, tíréè lọ́wọ́. Aṣọ iṣẹ́ wọn gẹ́lẹ́ ni mo rà wọ̀ ní Peckham, tí mo ń fi yangàn níwájú dígí.

Mo gbójú sókè, ojú mi sì bá ojú Mummy. Wọn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn là díẹ̀, wọ́n ti fẹ́ dìde. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Mo sọ fún obìnrin náà pé èrò ọkọ̀ bíi tirẹ̀ ni mí, pé táwẹ̀lì sì wà nínú àpótí tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi tàtàṣé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, mo ní kò sí nǹkan, mo sì gbé tíì lọ fún ìyá mi.

Mò ń retí kí wọ́n sọ pé ṣebí àwọn ti wí. Wọ́n mu tíì náà dé ìdajì, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

“O rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀n, Mummy. Ó pa mí lẹ́rìn-ín ni.”

“Kò dùn ẹ́?”

“Rárá.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi rí. “Ọjọ́ tí wọ́n fún ẹ ní prize ní primary school, mo gba off níbi iṣẹ́. Mo ra kóòtù tuntun. Mo jókòó sínú hall yẹn bíi màmá àwọn ẹlòmíì. Ọkùnrin kan kàn na kọ́ọ̀bù tó ti mu tán sí mi. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Mo gbà á. Mo gbé e lọ sí kitchen, mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo máa padà dé, wọ́n ti pe orúkọ ẹ kọjá.”

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo dúró níwájú gbogbo èèyàn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ mi, mo ń fi ojú wá wọn, mi ò rí wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pẹ́ dé. Mo kàn di ọwọ́ wọn mú lórí léèsì náà, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo oúnjẹ ọ̀sán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Mummy jáde láti bálùwẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù kọ́tìnnì funfun, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ìbòrí kékeré, sálúbàtà pẹlẹbẹ. Láìsí gèlè, wọ́n kéré, wọ́n sì dà bí ọ̀dọ́. “Má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ ká lọ.” Ìdùnnú àti ìbẹ̀rù dà pọ̀ mọ́ mi lára. A dé ibi omi ìwẹ̀, wọ́n jókòó sí etí rẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò sókè díẹ̀, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi.

“Yéè! Ó tutù!” Gbogbo èèyàn yíjú. Mummy ń fi ẹsẹ̀ ta omi, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé, èmi náà bọ́ bàtà, mo bá wọn jókòó. Mi ò rò pé inú mi tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ pá fi jáde láti inú omi, tí ó ń gbọ̀n. Ó wo aṣọ funfun Mummy, ó tẹ̀ síwájú, ó ní ṣé wọ́n lè bá òun mú táwẹ̀lì kan wá. Ara mi gbóná. Mo ti ń dìde. Láì wo ọ̀dọ̀ mi, Mummy gbé ọwọ́ lé itan mi, wọ́n tẹ̀ mí padà sílẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè wo ọkùnrin náà, wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn tí ohùn Ìbàdàn kò tíì kúrò nínú rẹ̀ sọ fún un pé, “It is over there, my dear. Bring one for me.”

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ẹsẹ̀ wọn nínú omi, ó wo ojú wọn, ó ní “Oh!” ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó lọ. Ó mú méjì bọ̀, ó sì tẹ́ ọ̀kan sórí itan Mummy pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mummy dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọn ò sì dìde. Ó rìn jìnnà tán ni wọ́n tó yíjú sí mi, ojú wọn ń tàn, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. “O rí i? Ṣé o rí i?”

Mo rí i. Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún wọn títí di òní, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Irọ́ ni ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ kẹta yẹn. Ohun tí obìnrin yẹn sọ dùn mí wọ egungun. Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé Mummy ń wò mí, mi ò sì fẹ́ kí ohun tí wọ́n ti fi gbogbo léèsì wọn sá fún wá bá wọn láti ara mi. Wọ́n gba irọ́ náà gbọ́. Wọ́n rò pé àwọn ti tọ́ ọmọ tí irú ọ̀rọ̀ yẹn kò lè pa lára, wọ́n sì jí lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wọ ẹ̀wù kọ́tìnnì, wọ́n lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n, tí ẹsẹ̀ mi wà nínú omi kan náà pẹ̀lú tiwọn, ọjọ́ yẹn ni oró ọ̀rọ̀ obìnrin náà tó jáde lára èmi gan-an.