Adìẹ Òkè Vietnam Tí Mo Sè fún Ìyá Àgbà

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ewé tíì níbikíbi, ẹnu mi a máa korò. Ó ń rán mi létí ọdún tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi nínú ilé tí yàrá kọjú síra kan ní Mówè. Ibà tó dá ìyá àgbà wó ti lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Bí mo gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n á ní ó ń rùn. Bí mo gbé ìrẹsì wá, wọ́n á kọjú sógiri. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé bí wọn ò bá jẹun, ara wọn kò ní gbé e. Ẹ̀rù bà mí. Ojú tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí èmi ni bàbá mi fi wọ́n sí lọ́wọ́.

Lójú fóònù ni mo ti rí obìnrin kan lórí òkè ní Vietnam, tó ń fi adìẹ tó dúdú dé inú ẹran àti oríṣiríṣi ewé se ọbẹ̀ fún aláìsàn. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, oúnjẹ ni òògùn. Omi bọ́ lójú mi. Ó dà bíi pé èmi gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ra adìẹ dúdú kan ní Ìbàfò. Ìgbà tí mo tu ìyẹ́ rẹ̀ tán ni mo rí i pé ara rẹ̀ funfun bíi ti adìẹ yòókù. Mo wá ewé tíì, atalẹ̀ àti efinrin. Ewé òkè wọn tó korò ni n kò rí, mo bá já ewúro sí i. N kò fọ̀ ọ́ rárá, kí òògùn inú rẹ̀ má baà bómi lọ. Ẹni tó kàwé a máa ronú jìnnà.

Bó ti ń hó, káfíńtà tó ń gbé yàrá kejì gbé ife dé.

“Alákọ̀wé, bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí.”

“Ọbẹ̀ ni o.”

“Ọbẹ̀ kẹ̀? Tí gbogbo ilé ń rùn bí ìkòkò àgbo?”

Mo gbé abọ́ síwájú ìyá àgbà, mo ṣàlàyé òkè, òtútù, ewé, àti bí ọkàn mi ṣe rí. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí.

“Àsèjẹ lo sè,” wọ́n ní. “Ohun tó o ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?”

Obìnrin orí òkè kò sọ èèwọ̀ kankan.

“Àsèjẹ tí kò léèwọ̀, omi ata lásán ni.” Wọ́n tún ń kọjú sógiri.

Mo yára fèsì. “Ẹni tó bá fẹnu kàn án kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ kù!” Mo rò pé mo gbọ́n.

“Ó dáa. Ẹni tó se àsèjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Mo bu ṣíbí kan. Etí mi hó. Mo fẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀.

“Èèwọ̀,” ni ìyá àgbà wí.

Káfíńtà, tó ti tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ti fi ife rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. “Gbé e mì, alákọ̀wé! Má kó bá wa nínú ilé yìí!”

Mo ń jẹ, omi ń dà lójú mi. Ìyá àgbà ń wo bí ẹnu mi ṣe ń ká kò, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

“Bu tèmi wá, kí n wo ohun tó fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi.” Wọ́n tọ́ ọ wò. “Yéè! Ó korò bí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀!”

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fa egungun mu. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n wá ẹ̀kọ wá, kí kíkorò náà lè kúrò lẹ́nu àwọn. Ẹ̀kọ méjì ni wọ́n jẹ. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ara ìyá àgbà sì le jù tèmi lọ. Nígbà tí ìdààmú iṣẹ́ bá gba oúnjẹ lẹ́nu mi, àwọn ni wọ́n ń se adìẹ náà fún mi, pẹ̀lú irú, pẹ̀lú ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Mo máa ń ṣàlàyé gbogbo ìṣòro mi, láti orí ọ̀gá mi dórí bí ọkàn mi ṣe rí. Wọ́n á tẹ́tí sí mi títí, wọ́n á wá ti abọ́ sún mọ́ mi.

“Èèwọ̀,” ni wọ́n á wí.

N kì í ṣẹ́ ẹ kù.