Orúnkún Onílù

Mi ò fẹ́ràn ìdíje àkọ́kọ́ nínú ọdún. Mo máa ń lọ o. Láti ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi ti wọ ẹgbẹ́ onílù, mi ò tíì pa ẹyọ kan jẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Òtútù kò tíì kúrò nílẹ̀ nígbà náà, koríko pápá á rin bàtà èèyàn gbingbin, àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ díje kò sì tíì múra tán. Àwọn kan á jáde láìdé fìlà, torí pé fìlà kò tíì dé. Àwọn mìíràn á lùlù dé ìdajì, wọ́n á dúró gbagidi, wọ́n á sì rìn kúrò lórí pápá, nítorí pé olùkọ́ wọn kò tíì kọ́ wọn ní ìdajì tó kù. Àwa tí a jókòó á sì pàtẹ́wọ́. Ta ló máa ń bu ọbẹ̀ tí kò tíì jiná fún àlejò? Níhìn-ín, wọ́n á bù ú, wọ́n á tún ní kí adájọ́ fún un ní máàkì.

Tọ̀tẹ̀ yìí, pápá kan lẹ́bàá Mayesbrook, nílùú òyìnbó tí à ń gbé níhìn-ín, ni wọ́n ti ṣe é, ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀ láti ilé. Ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Vicarage Field ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé ni ibẹ̀ sì máa ń kún jù. Ọ̀gá mi ní kí n wá. Mo ní mi ò wá. Ó fajú ro, èmi náà fajú ro, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sí ohun tó lè dá mi dúró lọ́jọ́ náà, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mi ni yóò máa dúró láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Márùn-ún ni àwọn tó ń lu ìlù kékeré nínú ẹgbẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fi ọ̀pá méjì lù. Wọ́n á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó wà láàárín ni àwọn mẹ́rin yòókù ń gbọ́, òun náà ni wọ́n ń wò. Tó bá yára, gbogbo wọn á yára. Tó bá ṣìnà, gbogbo wọn ti ṣìnà nìyẹn. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń fojú sí ibẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan, fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdánwò ni. Tó bá mú ọ̀wọ́ náà dúró dáadáa nínú ìdíje àkọ́kọ́, ipò náà di tirẹ̀ títí ọdún á fi parí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin mìíràn wà nílẹ̀ tó ti ń retí ibẹ̀. Iwájú gbogbo òbí ni ọ̀dọ́kùnrin náà ti sọ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Ẹ má sì rò pé eré ni mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ onílù ilé ìwé wa l'Ábẹ́òkúta. Aro ni wọ́n gbé fún mi, irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń pa pọ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń pa irin pọ̀, tí mò ń wo àwọn ọmọkùnrin nídìí ìlù, nítorí pé olùkọ́ wa ní apá obìnrin kò lè gbé e. Apá mi yìí! Apá tó ń gbé páálí bàtà gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́.

Ìyá ọmọbìnrin kejì yẹn, ẹni tó ń retí ipò ọmọ mi, bí mi nínú ju gbogbo òbí yòókù lọ. Ará Ìjẹ̀bú ni, Peckham ló ti kó wá sí Eastbrook nítòsí wa ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Gbogbo wa la máa ń jókòó sórí irin títutù tí wọ́n pè ní bẹ́ǹṣì, òun á gbé àga tirẹ̀ wá látilé, àga tó ṣeé ká, tó ní ibi tí wọ́n ń gbé ife sí. Lọ́jọ́ náà, iwájú mi gan-an ló tẹ́ àga rẹ̀ sí.

"Ẹ káàsán mà," ló wí. "Weather yìí ò dáa o. Báwo ni ọmọ wa? Ṣé nerves ò ti máa mú un?"

"Ọmọ mi wà dáadáa," mo dá a lóhùn. "A dúpẹ́."

Ó gbọ́ "mi" tí mo fi rọ́pò "wa" tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dojú kọ pápá. Ọmọ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó juwọ́ sí mi, ó ní, "Hiya, Auntie." Hiya! Ó dúró ṣánṣán níwájú mi bí òpó iná, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí, ó ń gbé ife rẹ̀ sí àyè rẹ̀ lára àga.

Ọmọ tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń rìn tàgétàgé ni mo ti ń kọ́ ọ. Tó bá kí èèyàn lórí ìdúró, n ó bi í pé, "Orúnkún ẹ dà?" Tí mo bá fún un ní omi, orúnkún. Tí àgbàlagbà bá kí i kú ewu, orúnkún, kó sì fi "ẹ ṣé mà" tì í. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà, mi ò gbà. Mo ní kí àwọn ìyá wọn wá bá mi. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mi ò ní láti sọ̀rọ̀ mọ́, orúnkún náà ti ń lọ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìyá ìjọ wa ló máa ń yìn mí, orí mi a sì máa wú.

Kí wọ́n tó lọ tò, ó sáré wá bá mi.

"Mummy, please, ẹ má shout o. Ibì kan wà in the middle tó máa quiet, everybody freezes, èmi nìkan ni mò ń play. The others are counting off me. If you have to say something, ẹ sọ ọ́ sínú."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Mummy."

"Mo ti gbọ́."

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde. Aṣọ àwọn ti àkọ́kọ́ ń dán bí bébà súìtì, bí wọ́n sì ti sọ àsíá sókè ni afẹ́fẹ́ gbé e lọ bá àwọn tó ń ta tíì. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Àwọn ẹ̀kejì kò ní ju fèrè lọ, fèrè náà kò sì bá ara wọn mu. Àwọn ẹ̀kẹta dára. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ìró ìlù wọn wọ inú ilẹ̀ wá bá wa lórí irin tí a jókòó sí, ẹsẹ̀ wọn sì ń ṣí papọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ mò ń wá àṣìṣe wọn kiri pẹ̀lú ìkanra. Adájọ́ kan tó wọ aṣọ òjò ń rìn láàárín wọn, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìka ẹsẹ̀ wọn, mo fẹ́ kó rí nǹkan níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni tiwa jáde.

Ọmọ mi wà láàárín. Ojú rẹ̀ le, àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì já gaara lórí ìlù débi pé omijé lé ròrò sí mi lójú, mo sì fi ìbọ̀wọ́ nù ún kí obìnrin aláàga má bàa rí i. Àwọn mẹ́rin yòókù tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Wọ́n lù ú, wọ́n yí, wọ́n padà. Ká sọ tòótọ́, àwọn onífèrè wa kò dára, ọ̀kan nínú wọn ń fọn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi mí léèrè onífèrè?

Ó dé ibi tó dákẹ́ náà. Gbogbo ẹgbẹ́ dúró bí ère. Òun nìkan ló ń lù, ó rọra ń lù ú, àwọn mẹ́rin sì tẹjú mọ́ ìlù rẹ̀, wọ́n ń ka iye tó yẹ kí wọ́n kà kí wọ́n tó wọlé. Pápá pa lọ́lọ́.

Ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já bọ́.

Kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí pé lórí èyí ni mo ti bá ara mi jà láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe nǹkan kan rárá. Àwọn onílù máa ń so ọ̀pá mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlù wọn nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dúró, ọ̀tún lọ fa ọ̀pá tuntun yọ, ó sì padà sórí ìlù láìpàdánù ohunkóhun. Adájọ́ aláṣọ òjò mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ọmọ mi ti bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹnu mi ló ṣí.

"Pẹ̀lẹ́ o!"

Mi ò rán an níṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í rí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó dákẹ́. Tí òyìnbó bá kọsẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, n ó kí i ní Gẹ̀ẹ́sì pé "sorry", á sì wò mí bíi pé èmi ni mo tì í. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń ròkè lórí pápá náà ni mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ọmọ mi sì dá mi lóhùn. Orúnkún rẹ̀ ló fi dáhùn. Mo rí i bó ṣe rọ̀, tí ìlù náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó sọ "ẹ ṣé mà". Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, tó mọ ibi tó wà. Ó dìde fìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn mẹ́rin tó ń wò ó rò pé ó ń pè wọ́n wọlé ni. Méjì wọlé, méjì kò wọlé, ọ̀kan tiẹ̀ rọ orúnkún bíi tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dàrú. Wọ́n ń lé ara wọn kiri nínú ìlù náà títí wọ́n fi dé ibi tí ẹ̀kọ́ wọn parí sí, wọ́n sì dúró. Adájọ́ aláṣọ òjò sọ̀rọ̀ pẹ́ títí sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Obìnrin òyìnbó kan lẹ́yìn mi ní ọmọ náà ti yọ̀ lórí koríko. Ọkọ rẹ̀ ní bóyá ebi ló ń pa á. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi ẹnì kan. Obìnrin aláàga yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. Mo ti mú èébú tèmi jáde sílẹ̀, tútù àti gbígbóná, mo kàn ń dúró dè é ni.

"Ẹ ti kọ́ ọmọ yín dáadáa, mà," ló wí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Nígbà tí wọ́n kúrò lórí pápá, olùkọ́ náà pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sún mọ́ wọn. Ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi wò mí. Lẹ́yìn náà ló kojú sí ọkùnrin náà, tó ní, "I just lost it. Sorry."

Mo lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ mí sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mo ti bá dírẹ́bà bọ́ọ̀sì jà, mo ti bá olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé jà. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni, kì í ṣe òun. Ojú tì mí, mo sì pa ẹnu mi dé. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní láti ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin kejì ni yóò bọ́ sí àárín. Ó ní òun á wá àyè mìíràn fún ọmọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní aro ṣì wà nílẹ̀.

Obìnrin aláàga ti ká àga rẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá wa. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ mi léjìká. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ló sọ fún un. Ọmọ mi fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú koríko tútù yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà."

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé. Òun ló gbé ìlù, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Mo ń bú adájọ́, mo ń bú olùkọ́, mo ń bú afẹ́fẹ́. Ó ń rìn lọ níwájú. Nígbà tí a wọlé, tó sọ ìlù kalẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," mo ní. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ ṣé mà," ló dáhùn.

Ó dúró ṣánṣán, àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè, ó ń wo iwájú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Orúnkún rẹ̀ kò mì. Mo ṣì dúró díẹ̀, mo ń retí orúnkún náà, mi ò sì lè bi í pé ó dà.