Ààlè Ẹnu Kànga

Àsìkò òjò ni, lọ́dún tí ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ ìbòmú kúrò lẹ́nu, tí gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ àrùn ti tán nílẹ̀. Ayálégbé ni mí ní Ìgándò nígbà náà, nínú ọgbà kan tí kànga kan ṣoṣo ń fún gbogbo wa lómi. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì ní ilé-iṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà. Wọ́n ti yin táíágáàsì sí mi lójú, wọ́n sì ti tì mí mọ́lé rí. Ìyanṣẹ́lódì yẹn ni ẹ̀yin ọmọ máa ń ní kí n sọ fún yín, torí pé ó dùn ún gbọ́. Ti kànga ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n sinmi. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbọ́ tí obìnrin ń pàtẹ́wọ́ kọrin láàárọ̀, àyà mi máa ń já.

Ọmọ ilé ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Kò pẹ́ tó fi kan télọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó kan ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Ọlọ́run yọ wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí pé onígbáméjì ni. Òfin ní kí ẹni tó bá rí i fi tó káńsù létí. Ṣùgbọ́n Alága yín ti wá kìlọ̀ fún wa pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lápá ibẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni kó kọ́kọ́ dé."

Alága tó ń wí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Òun ló ni ọgbà tí mo ń gbé, òun náà ló ni kànga. Àwọn onílé nìkan ló ń dìbò yan alága. Ní ti àwa ayálégbé, ojú fèrèsé la ti ń gbọ́ ìpàdé.

Lọ́jọ́ ìpàdé wọn, mo wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Ọ̀rọ̀ sìgá ni mo bá lẹ́nu wọn. Ìjọba ti ṣòfin pé kí wọ́n má mu sìgá láàárín èrò, inú àwọn onílé sì dùn sí i, nítorí wọn kò fẹ́ràn àwọn ọmọkùnrin tó ń fa èéfín lábẹ́ àtíbàbà ìkóríta. Kíá ni wọ́n fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ní kí akunlé lọ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ìgbà náà ni mo nawọ́.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Ìjọba tó ní kí a má mu sìgá láàárín èrò, òun náà ló ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ àrùn tó òun létí. Omi kànga yẹn ti ń ṣe wá léṣe."

"Àrùn wo nìyẹn?"

"Onígbáméjì."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́lá, ìgbà wo lẹ di dókítà? Ìgbẹ́ gbuuru lásán ni jàre. Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn wolé-wolé wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mi? Ta ló máa wá gba yàrá nílé onígbáméjì?"

"Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá ṣí sílẹ̀ ṣá."

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

A pinnu pé tí ọjọ́ Ajé bá pé, gbogbo ayálégbé yóò lọ jókòó sẹ́nu géètì káńsù. Kí ọjọ́ náà tó pé, Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, fi ọ̀dà kọ ọ́ sára kànga pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́ nù. Ó tún un kọ, wọ́n tún un fọ̀. Inú bí Bàbá. Ó mú àjákù ìgbálẹ̀, bàtà tó ti ya àti àkísà pupa, ó so wọ́n mọ́ igi, ó sì gbé e dábùú ẹnu kànga.

"Wọ́n lè fọ ọ̀dà," ó ní. "Ààlè rèé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá so ààlè mọ́, a kì í fọwọ́ kàn án?"

Inú mi dùn. Àwọn ọmọdé ò sún mọ́ kànga mọ́. Ìyàwó Alága pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi inú ọ̀rá.

Nínú ọgbà wa, ayálégbé tuntun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúpẹ́. Òun àti Gbénga ọkọ rẹ̀ kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, onígbàgbọ́ gidi, ẹni tó máa ń báni gbẹ́rù kó tó kíni tán. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe lọ́nà jíjìn, wọn kì í sí nílé lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ onígbáméjì kò sì tíì dé etí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo gbọ́ tó ń kọrin ìṣẹ́gun, tó ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé àdúrà òwúrọ̀ ni. Mo tún ṣàmín láti inú yàrá mi.

Nígbà tí mo fi jáde, ó ti jó ààlè di eérú, ó ti fa omi, ó sì ti mu ife kan lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bẹ̀rù mọ́," ó ń sọ fáwọn ọmọdé. "Oògùn yẹn ò lágbára. Ọlọ́run wa jù ú lọ."

Bàbá Káfíńtà sáré dé. "Ọmọ mi, kì í ṣe oògùn. Àrùn ló wà nínú omi yẹn."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ so ó?" Kò bínú. Àánú Bàbá ló ń ṣe é. "Ẹ ronú pìwà dà, sà. Màá máa fi yín sádùúrà."

Èmi náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má fòyà.

Lọ́jọ́ Ajé a jókòó sẹ́nu géètì káńsù, àwọn obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo ka orí ẹsẹ̀. Ọ̀gá kan jáde, ó ní Alága ti sọ fáwọn pé kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó wá fa omi náà kó mu ún. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Gbénga ni. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ní ilé ìwòsàn aládàáni tó gbé Dúpẹ́ lọ, wọ́n sọ fún un pé omi ló tán lára rẹ̀ tó fi kú. Wọn kò dárúkọ àrùn kankan.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n sì fi ṣéènì de kànga pa. Nígbà tí a lọ béèrè èsì, wọ́n ní àwọn ti fún Alága. Alága ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kò sì fi hàn wá.

Ẹ ó bi mí pé kí la rí nínú ìjà náà. A rí i gbà pé ayálégbé àti nọ́ọ̀sì lè fi ọ̀rọ̀ àrùn tó káńsù létí tààrà láìgba ọ̀dọ̀ onílé kọjá. Ohun ńlá nìyẹn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, orúkọ Alága ló wà lára rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Káfíńtà di apànìyàn lẹ́nu àdúgbò. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ ló pa Dúpẹ́. Àwọn onílé gbọ́, wọn ò já a nírọ́, nítorí ọ̀rọ̀ oògùn ò lè ba yàrá wọn jẹ́ bí ọ̀rọ̀ onígbáméjì. Ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ fún Bàbá mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìdímù, ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bàbá ò rí ọjọ́ náà, èmi náà kò sì mọ̀ bóyá màá rí i.

Láìpẹ́ yìí mo pàdé Gbénga ní Ìyànà Ìpájà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárín èrò.

"Màmá, mi ò lè gbàgbé yín. Ẹ dúró tì mí. Ọlọ́run á mú ẹni tó so nǹkan yẹn."

"Gbénga, Bàbá ti kú. Kò so oògùn kankan. Onígbáméjì ló pa ìyàwó rẹ, inú omi kànga ló wà."

Ó wò mí tàánútàánú, gẹ́gẹ́ bí Dúpẹ́ ṣe wo Bàbá.

"Màmá," ó ní, "tó bá jẹ́ pé àrùn ni, ṣé ìjọba ò ní sọ fún wa ni?"