Ọjọ́ Tí Mi Ò Kí Bàbá Mi

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ nínú àgbá ló máa ń jí mi ní Ìgbẹmọ. Kì í ṣe òórùn ìrẹsì orí tábìlì o. Ìrẹsì tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ ni mò ń sọ, tí wọ́n gbé ka iná igi láti ìdájí, tí ooru rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá ọmọ lórí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rí ní agbègbè wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, mi ò kì í dúró kí ẹnikẹ́ni pè mí kí n tó dìde, nítorí mo mọ̀ pé Màmá ti ń wa ekòló lẹ́yìn balùwẹ̀.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ó ń dá oko ìrẹsì, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fi ìwọ̀ pẹja létí dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe. Èsì rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: "Ṣé ẹja ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lé èjìká, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo ní kí ó kọ́ mi ní ẹja pípa. Kí n tó sọ bí ó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí Màmá fi ṣe wàhálà lórí mi.

Olùkọ́ àgbà ni bàbá mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá fẹ́ràn ìwé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìkíni ju ìwé lọ. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba la máa ń gbà lọ sílé-ìwé, mo sì ní láti kúnlẹ̀ fún ìyá aláta, fún ìyá elélùbọ́, fún bàbá tó ń tún bàtà ṣe, àti fún ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. Orúnkún mi kì í mọ́ nígbà tí mo bá fi dé kíláàsì. Bí mo bá fo ẹyọ kan péré, ẹjọ́ mi á ti délé kí n tó dé. Bàbá ò ní nà mí. Á kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, "Bọ́sẹ̀dé, ẹni tí kò bá kíni kú àbọ̀, ó ti pàdánù ẹ kú ilé." Ó dára kí wọ́n na ènìyàn ju ìyẹn lọ. Nígbà tó yá, bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà àgbàlagbà lẹ́yìn mi, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí ojú mi tó rí ẹni náà.

Ohun kejì ni pé mi ò kì í parí nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà òwú, ó dúró ní ìlàjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn orin méjì. Bàbá a máa sọ ọ́ fún àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ wo Bọ́sẹ̀dé yìí, ó mọ nǹkan án bẹ̀rẹ̀. Kì í parí." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni ẹ̀rín mi. Ó máa ń dùn mí wọ eegun.

Nígbà tí mo dé Ìgbẹmọ ní ọlidé gígùn ọdún yẹn, tí mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ kọ́ ẹja pípa, ó wò mí títí. Kò bi mí bóyá màá parí rẹ̀. Ó gé ọparun tín-ínrín kan fún mi, ó so okùn mọ́ ọn, ó gé ègé kékeré lára sílípáàsì gbígbó kan, ó sì so ó mọ́ okùn náà kí ó lè máa léfòó. "Ojú ẹ, ibí yìí ni kó wà," ló wí. "Bí ẹja bá jẹ ìdẹ, èyí ló máa rì."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ekòló ni mò ń fi bọ́ ẹja dáàmù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí sílípáàsì bá ti mì díẹ̀ báyìí, màá ti fa ọ̀pá sókè fìrì, ìwọ̀ òfìfo á fò kọjá lórí Màmá. Mò ń sọ̀rọ̀, mò ń dìde, mò ń béèrè pé ṣé ẹja ti sùn ni. Màmá ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá fẹ́ pariwo, máa lọ ulé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe ilé, ulé. Mo pa ẹnu mi dé.

Ní ọjọ́ kẹrin, sílípáàsì náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rì pátápátá. Mo rọra fà. Yéè! Nǹkan kan fa èmi náà. Ọ̀pá tẹ̀, Màmá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé "Dì í mú, dì í mú." Àkókò yẹn gan-an ni bàbá àgbàlagbà kan tó ń lọ oko gba ọ̀nà ẹ̀yìn wa kọjá, tòun ti ọkọ́ léjìká. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ju ọ̀pá sílẹ̀, mo ti yíjú padà, mo ti kúnlẹ̀ gbọin.

"Ẹ káàárọ̀ sà!"

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ọ̀pá ìwọ̀ mi ti ń wọ́ lọ sí àárín dáàmù bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo rò pé bàbá olóko yẹn á tilẹ̀ gbàdúrà fún mi. Rárá o. Inú bí i. "Ta ló ní kí o kí mi?" ló wí. "Èmi kí ọ ni?" Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún.

Màmá ló wá là mí lọ́yẹ̀. Létí dáàmù yẹn, ẹni tí ìwọ̀ rẹ̀ bá wà nínú omi, a kì í kí i, òun náà kì í kí ènìyàn. Ì báà jẹ́ ọba ló ń kọjá. Ẹni tó ń kọjá á rọra gbé ẹsẹ̀, ẹni tó jókòó ò ní wẹ̀yìn, tó bá sì ká ìwọ̀ rẹ̀ tán, á wá lọ kí gbogbo ẹni tó jẹ ní ìkíni lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ Tísà ni mi ò mọ̀. Mo ní, "Bàbá mi ńkọ́, Màmá?" Ó ní, "Bàbá rẹ kì í pẹja."

Ní Sátidé, Bàbá gun ọ̀kadà rẹ̀ wá wò wá láti Adó. Màmá fi ẹ̀rín sọ ìtàn ẹja tó lọ fún un, kò mọ̀ pé òun ń ta epo sí iná. Bàbá ní, "Ó ṣe dáadáa tó kí àgbà." Inú mi dùn díẹ̀. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹja ńkọ́? Òun náà ló tún bẹ̀rẹ̀ tí kò parí yẹn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n mú un padà lọ Adó lónìí. Lẹ́sìnnì ọlidé ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú ẹrọ̀fọ̀."

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni Màmá. Kò sí bí Bàbá ṣe lè bá a jiyàn. Màmá ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Màmá. Ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá padà dé ní Sátidé tí kò tíì mú ẹyọ kan, a jọ ń lọ nìyẹn. Kò sì ní tún tọ́ omi lọ mọ́."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Kì í ṣe lẹ́sìnnì ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé Bàbá á tún ní nǹkan kan láti sọ fún àlejò, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Màmá gé ọparun mìíràn fún mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń jókòó bí òkúta. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan gbọ́ okùn. Mo mọ ẹja kékeré tó kàn ń bu ìdẹ jẹ yàtọ̀ sí ẹja ńlá tó ń gbé e mì. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lẹ́yìn wa, màá gé ètè mi jẹ, màá sì di orúnkún mi méjèèjì mú. Ṣùgbọ́n ẹja ò jẹ. Ọjọ́rú, òfo. Ọjọ́ Ẹtì, Màmá mú èpìyà mẹ́rin, èmi ò mú nǹkan kan. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sátidé dé. A ti wà létí dáàmù kí oòrùn tó yọ. Bàbá kì í dé kí aago mẹ́wàá tó lù, mo sì ti ṣírò pé mo ní ju wákàtí mẹ́ta lọ. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ náà ló yá a lára láti tètè kúrò ní Adó, tí ó délé tí kò bá ẹnikẹ́ni, tí àwọn aládùúgbò sì júwe wa fún un.

Mo ti ń wo sílípáàsì yẹn débi pé ojú ń ro mí, ó sì wá rì. Kò mì rárá, ó kàn rì bọnjọ. Mo ka ẹyọ kan, èjì, mo fà. Ọ̀pá tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi.

"Bọ́sẹ̀dé!"

Mo mọ ohùn náà. Orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, mo fi tipátipá nà án. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. "Bọ́sẹ̀dé, ṣé o ò gbọ́ mi ni? Ṣé ojú rẹ ò rí mi ni?" Omijé bọ́ lójú mi, àmọ́ mi ò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá," mo sì gbọ́ ìró aṣọ tó kan koríko. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Màmá ò dáhùn. Ìwọ̀ tirẹ̀ náà wà nínú omi.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀, ọkọ ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ kò ní dìde títí ìyá náà á fi dáhùn. Bàbá mi, Tísà, tó kọ́ ìdajì àdúgbò wa ní ìkíni, wà nílẹ̀ nínú ìrì pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ń retí èsì. Èmi ń bá ẹja jà. Ó fà mí sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ wọ abẹ́ gbòǹgbò, mo yí ọ̀pá padà. Màmá ò fọwọ́ kan ọ̀pá mi rárá. Nígbà tí ẹ̀mí mi fẹ́ máa tán, mo fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn nígbésẹ̀ mẹ́ta, mo sì fà á jáde. Àrọ̀ ni! Àrọ̀ dúdú abìrù, tó gùn ju apá mi lọ, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú koríko, ó ń ta ẹrọ̀fọ̀ sí Bàbá lójú.

Màmá ká ìwọ̀ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá yíjú. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ẹ dìde."

Ìgbà náà ni mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Bàbá dìde, àyà aṣọ rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ó wo ẹja, ó wò mí, ó tún wo ẹja. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, mo sì di ojú mi, mò ń retí ọ̀rọ̀ ẹ kú ilé. Ẹrọ̀fọ̀ ló ń nù kúrò lára awò náà. "O parí rẹ̀," ló wí. Ó tún un sọ bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. "Bọ́sẹ̀dé, o parí rẹ̀." Ó gbé mi sókè níbẹ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń gbé mi jó káàkiri etí dáàmù, Màmá sì ń ké sí i pé kó rọra, àwọn ẹja ń gbọ́.

Ó so àrọ̀ náà mọ́ iwájú ọ̀kadà, ó gbé e lọ Adó kí ìyá mi lè rí i. Ìyá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ yà sí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tó wá sílé. Ní Ọjà Ọba, ó dúró níwájú ìyá aláta àti ìyá elélùbọ́. "Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì," ló ń sọ fún wọn, "ọmọ mi ò wo ojú mi! Ó kọ̀ jálẹ̀!" Ẹni tí kò bá mọ Bàbá á rò pé ó ń fi ẹjọ́ mi sùn. Títí di òní, àgbàlagbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ó ṣì ń sọ ọ́ fún àlejò, ẹja náà sì ń gùn sí i lọ́dọọdún. Kò tún sọ pé mi ò kì í parí nǹkan mọ́.

Èmi náà ti dàgbà. Mo kàwé jáde, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó, mo ní àga tó ń yí àti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé bá mi. Mo dúpẹ́. Àmọ́ bí ọ̀gá kan bá yọjú báyìí, màá ti ju bírò sílẹ̀, màá ti dìde. Bí fóònù bá dún, iṣẹ́ tí mo ń ṣe á dúró ní ìlàjì, ó sì lè máà tún ní ìparí mọ́. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ló wà lórí mi, mi ò sì tíì tún ní ìgboyà tó wà lára ọmọ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú mi kì í bàjẹ́ tí mo bá rántí rẹ̀. Orí mi ń wú ni, nítorí pé èmi ni, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Bí èmi àti ọmọ náà bá pàdé lójú ọ̀nà lónìí, mi ò ní wo ti ọjọ́ orí, èmi ni màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀.