Àrọ̀ Abirùngbọ̀n àti Àga Harlan

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Bernita Zielke fi ń retí kí Lorraine bímọ fún Clyde. Ẹja ni àwọn méjèèjì o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: àrọ̀ kéékèèké tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì bí ẹni ń lá a. Inú àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ògiri tó dára jù nínú ilé Zielke ní ìlú Sheboygan, ní Amẹ́ríkà. Akọ irú àrọ̀ yìí ló ń hu irùngbọ̀n, imú rẹ̀ gan-an sì ni irùngbọ̀n náà ń hù sí. Clyde ní díẹ̀ létí ètè. Bernita gbà pé ọkùnrin ni, pé irùngbọ̀n rẹ̀ kàn ń pẹ́ hù ni, bíi ti àwọn ọkùnrin ilé bàbá òun.

Kò sí ohun tí obìnrin yìí kò ṣe tán. Ó ki fọ́ọ̀kì bọ kùkúńbà kó lè rì sísàlẹ̀ fún wọn. Ó ra ihò alámọ̀ kí wọ́n lè rí yàrá sùn. Ó ń rọra da omi tútù sínú àpótí kí wọ́n lè rò pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lódò àwọn baba ńlá wọn. Lorraine jẹun, ó sanra, ó dákẹ́.

Ohun tó sì ń dun Bernita jù ni ẹgbẹ́. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olùsin ẹja tó ń pàdé ní yàrá abẹ́ ilé ìkàwé, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá bímọ ni wọ́n ń pè síwájú. Á gbé àwọn ọmọ náà dání nínú ọ̀rá olómi, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́ fún un, á sì sọ ọgbọ́n tó dá létí gbogbo wọn. Wọ́n ti pe gbogbo ènìyàn tán, wọn ò pe Bernita rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ pé kò sí ẹja tó yá bímọ bí àrọ̀ abirùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, Orville Dettmann, ààrẹ ẹgbẹ́, yà wá yá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí, kò sì tètè nàró.

"Bernita, èwo lọkọ nínú àwọn wọ̀nyí?"

"Clyde nìyẹn. Wo irùngbọ̀n ẹ̀."

"Irùngbọ̀n wo? Ìyá àgbà mi ní jù bẹ́ẹ̀ lọ." Orville nàró, ó ń nu ojú. "Obìnrin ni Clyde. Obìnrin méjì lo kó jọ, o wá ń retí ọmọ."

Harlan, ọkọ Bernita, gbọ́ láti ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín títí bíà fi gba imú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Àga ìrọ̀gbọ̀kú kan tó ti rà wà nínú gáréèjì, tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ògiri àwọn ẹja yẹn nìkan ló sì lè gbà á tí èèyàn á fi rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà láàárín tọkọtaya: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ọdún mẹ́ta," ni Harlan wí, "ni mo fi ń yọ̀ǹda ògiri mi fún ìyá àgbà méjì."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ta tẹ́tẹ́. Bí ọjọ́ Àjíǹde bá dé tí ọmọ ẹja kankan ò sí nílé, àpótí á lọ fún ẹgbẹ́, àga á wọlé. Bí ọmọ bá wà, Harlan ò gbọdọ̀ dárúkọ àga mọ́. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Orville gba Clyde, ó sì fi Otto rọ́pò rẹ̀. Akọ gidi ni Otto, irun bo imú rẹ̀ bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Kò tíì pẹ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ tó fi gba ihò alámọ̀. Lorraine tẹ̀ lé e wọlé, ó yé ẹyin sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀yà yìí, bàbá ni olùtọ́mọ. Òun ló ń jókòó ti ẹyin nínú òkùnkùn, tí ń fi ìrù fẹ́ ẹ, tí kì í jẹun, tí kì í jáde.

"Má tan iná sí i lójú o," ni Orville kìlọ̀ lórí fóònù. "Bó o bá yọ ọ́ lẹ́nu, á tú gbogbo ẹ̀ síta."

"Mo gbọ́," ni Bernita wí.

Kò gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fẹ̀sọ̀ mú ohun tó ti ń wá fún ọdún mẹ́ta? Tọ́ọ̀ṣì ò kúrò lápò rẹ̀. Ó yọjú láàárọ̀, ó yọjú lọ́sàn-án, "ẹ̀ẹ̀kan péré" ló sì máa ń pè é. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bó ṣe fẹ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún tan iná sínú ihò náà. Otto fò sẹ́yìn, ó ń na ìrù. Bernita pa iná kíá, ó sì jáde lọ.

Ní gbogbo Jímọ̀ Lẹ́ńtì, tí wọn kì í jẹ ẹran, ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń din ẹja tà, ìlà àwọn tí ń dúró á sì gùn jáde sínú yìnyín. Ọwọ́ Bernita wà nínú ìyẹ̀fun nígbà tí fóònù dún lápò rẹ̀. Phyllis tí wọ́n jọ ń din ẹja yọ ọ́, ó sì gbé e sí i létí.

"Bernita, ẹyin ẹ ti jáde o," ni Harlan wí láti ilé.

"Jáde lọ síbo?"

"Ilẹ̀ àpótí. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n pọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Otto yẹn ń rìn kiri."

Inú Bernita bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó wo òróró tó ń hó, ó wo ìlà. "Mi ò lè kúrò níbí. Ìwọ lo máa kó wọn."

"Èmi? Mi ò fọwọ́ kan omi yẹn rí."

"O máa fọwọ́ kàn án lónìí. Àpótí alàwọ̀n kékeré kan wà lábẹ́ síǹkì, gbé e kọ́ sínú omi. Mú nǹkan onírọ́bà tá a fi ń fa omi ọ̀rá da sórí tòlótòló, fi fa ẹyin yẹn síbẹ̀. Rọra o. Kó o wá fi rọ́bà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi sábẹ́ ẹ̀ kó máa hó. Ìyẹn ló máa ṣiṣẹ́ ìrù bàbá wọn."

"Nǹkan tá a fi ń se tòlótòló?"

"Harlan."

"Mo ti dìde."

Phyllis pa fóònù. "Ṣebí ọkọ ẹ ló fẹ́ gbé àga síbẹ̀? Ká ní ó panu mọ́, ṣé kò ti jẹ tẹ́tẹ́ yẹn?"

Ẹja tó wà níwájú Bernita jóná.

Nígbà tó délé, Harlan jókòó lórí àga ìdáná níwájú àpótí, apá ẹ̀wù rẹ̀ rin dé èjìká. Afẹ́fẹ́ ń hó lábẹ́ àwọn ẹyin náà.

"Kí ló dé tó o fi pè mí?"

"Ọwọ́ ló ń yún mi," ni Harlan wí. "Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò níbí."

Láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ń yọ ẹyin tó bá ti funfun kúrò kó má ba èyí tó dára jẹ́. Púpọ̀ bàjẹ́. Àwọn tó kù pa ọmọ, àwọn ọmọ náà jáde ní róbótóróbótó pẹ̀lú oúnjẹ tiwọn lábẹ́ ikùn. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, Harlan fúnra rẹ̀ ló gé kùkúńbà fún wọn, ó ní ti Bernita ti nípọn jù.

Ẹgbẹ́ pàdé nígbà tí Àjíǹde ku díẹ̀. Harlan bá ìyàwó rẹ̀ lọ, torí kéèkì. Orville dìde, ó ké pe Bernita Zielke, gbogbo wọn sì hó yèè. Bernita gbé ọ̀rá olómi dání, ó dé àárín yàrá, ó dúró.

"Orville, kì í ṣe èmi. Èmi ni mo fi tọ́ọ̀ṣì dààmú bàbá wọn. Ẹni tó ń jẹ kéèkì lẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ pè."

Wọ́n fa Harlan síwájú tòun ti àwo rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n.

"Òfin wa ni pé kó o sọ ọgbọ́n tó o dá," ni Orville wí.

"Mi ò dá ọgbọ́n kankan. Nǹkan tòlótòló ni mo lò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tán. "Mò ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ẹyin yẹn nílẹ̀. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ní àga mi ti wọlé. Àfi ìgbà tí mo wo bàbá wọn. Ó rìn káàkiri, kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ó tún padà sínú ihò yẹn, ó wá ń fi ìrù fẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan." Ó wo bàtà rẹ̀. "Mi ò mọ àga téèyàn lè jókòó sí kó máa wo ìyẹn."

Kò sẹ́ni tó rántí pàtẹ́wọ́. Bernita gba àwo kéèkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀rá àwọn ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í.