Ìlà Ẹfun ní Ìdíkọ̀ Rélùwéè Ìwó

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí akọ̀wé ìdíkọ̀ rélùwéè kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi ní Ìwó.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ìyá mi sin ẹ̀gbọ́n wọn lọ wọ ọkọ̀. Ìyá mi kẹ́yìn sí ojú irin, wọ́n kúnlẹ̀ dágbére, ẹsẹ̀ wọn sì yọ kọjá etí pèpéle tí èrò ń dúró lé. Akọ̀wé rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Agogo ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lù ú. Ọkọ̀ gé ìka ẹsẹ̀ ìyá mi mẹ́ta. Akọ̀wé ní, “Ta ló ní kó kúnlẹ̀ síbẹ̀?”

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú.

Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, àwa obìnrin ọlọ́jà kó ẹrù wa dé pèpéle, a jókòó lé e, a ní a kò ní dìde àfi tí akọ̀wé bá kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Ọ̀gá ìdíkọ̀ bẹ̀ wá títí, nígbẹ̀yìn ó gbà. Mo gba agogo lọ́wọ́ akọ̀wé, mo na ẹfun sí i. Mo ní, “Kúnlẹ̀, kí o fa ìlà tí ẹnikẹ́ni kò ní kọjá títí ọkọ̀ yóò fi dúró.”

Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ìyá mi, òógùn rẹ̀ ń kán sórí ẹfun. Bàtà rẹ̀ yọ kọjá etí pèpéle. Ọkọ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mi wo ọwọ́ mi. “Lù ú, ọmọ mi.”

Mo lù ú. Akọ̀wé fò bí ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ sẹ́yìn ìlà.

Títí dòní, ẹ̀yìn ìlà ẹfun ni a ti ń kúnlẹ̀ dágbére, ọkọ̀ kò sì tún gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lu agogo náà.